Ẹ Gbé Iyọ̀ Yẹn Kalẹ̀: Ọ̀pọ̀lọ́ Inú Ilé Kì í Ṣe Ọ̀tá Wa

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti Àjàṣẹ́ dé Pobè, láti Kétu dé Ṣábẹ, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Atakpamé, àgbẹ̀ ti ń kọ ebè, àwọn ìyá ọlọ́jà sì ti ń wá ọ̀rá tí wọn yóò fi bo ọjà wọn. Àmọ́ àlejò kan wà tí inú rẹ̀ dùn sí òjò yìí ju gbogbo wa lọ. Kì í san owó ilé, kì í béèrè ibi tí yóò sùn, ó kàn ń wọlé wá ni. Ẹ ó bá a lábẹ́ àmù, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ilé ìdáná, nínú bàtà tí ọmọ gbàgbé síta. Ọ̀pọ̀lọ́ ni mò ń wí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi bá ọ̀kan lábẹ́ àmù ẹ̀yìn ilé wa ní Kétu. Kí n tó dìde lórí àga, ọwọ́ wọn ti wọ inú igbá iyọ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, sáré bọ́ síwájú wọn, ó kúnlẹ̀. Ó ní: "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, kí ló ṣe yín?" Ìyá mi ní: "Kò tíì ṣe mí ní nǹkan kan. Ọ̀pọ̀lọ́ ni, ìyẹn náà sì tó." Ọmọ náà kọjú sí mi bí ẹni pé èmi ni adájọ́.

Ojú tì mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀pọ̀lọ́ tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi da iyọ̀ sí lára kò lóǹkà. A máa ń dúró wò ó bó ṣe ń jà, tó ń yí gbirigbiri, títí yóò fi dákẹ́. Ẹ̀rín ni a máa ń rín. Kò sí àgbà kan tó bi wá pé kí ló ṣe yín. Ọmọ ọdún 9 ló wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa báyìí, mo sì gbà pé ó yẹ ká dá a lóhùn.

Èrò tèmi rèé. Kò yẹ ká máa pa ọ̀pọ̀lọ́ tó bá wọ ilé wa. Kò sì yẹ ká máa sé e mọ́ inú garawa bí ohun ìṣeré. Ohun tó yẹ ni pé ká dá a mọ̀ dáadáa, ká gbé e sí ibi tó tọ́ sí i, ká sì jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní gbà fún mi. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ kọ́kọ́ dá a mọ̀

Ọ̀pọ̀lọ́ kì í ṣe àkèré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé máa ń pè wọ́n pọ̀. Awọ àkèré ń dán, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ó lè fò jìnnà, kì í sì í fẹ́ kúrò nítòsí omi. Ara ọ̀pọ̀lọ́ ní tirẹ̀ gbẹ, ó rí pálapàla, ó kún fún kókó kéékèèké. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Fífò díẹ̀díẹ̀ ló ń fò, nígbà mìíràn ó kàn ń rìn bí àgbàlagbà tó ń ti oko bọ̀. Kò ní eyín rárá, nítorí náà kò lè gé ẹnikẹ́ni jẹ.

Àmì tó dájú jù wà lẹ́yìn ojú rẹ̀. Ẹ ó rí kókó gígùn méjì níbẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Inú kókó méjèèjì yìí ni oró rẹ̀ wà. Bí ẹ bá ti rí wọn, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọ́ lẹ rí, kì í ṣe àkèré tí à ń jẹ.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín ilé wa ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Sclerophrys regularis. Nínú ìwé àtijọ́, Bufo regularis ni orúkọ rẹ̀. Àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí erùpẹ̀ tàbí ewé gbígbẹ, pẹ̀lú àbàwọ́n dúdúdúdú, ikùn rẹ̀ sì funfun. Abo tóbi ju akọ lọ. Akọ ló ń ké lálẹ́ létí omi tí ó dá rogún, abo ló ń pè. Bí abo bá yé ẹyin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni, ẹyin náà á sì gùn lọ nínú omi bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú tí a sín sójú okùn. Ẹyin yìí ló ń di ọmọ dúdú onírù tí àwọn ọmọ wa ń rí nínú kòtò omi lẹ́yìn òjò. Bí ọmọ náà bá ṣe ń dàgbà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ, tí ìrù rẹ̀ sì ń lọ, títí yóò fi gorí ilẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń ṣe fún wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àgbàdo, ẹ̀wà àti gàrí, ẹ gbọ́ èyí. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í jẹ ọjà yín. Kì í jẹ nǹkan tí kò bá mira. Bí ẹ bá da ìrẹsì síwájú rẹ̀ títí di òwúrọ̀, ebi ni yóò pa á mọ́ ibẹ̀. Eku ló ń gé àpò. Ọ̀pọ̀lọ́ tí ẹ bá bá nínú ilé ìkẹ́rùsí, kòkòrò ló bá wá síbẹ̀. Ó ń jẹ aáyán, ikán, èèrà, ìrẹ̀ àti àwọn kòkòrò tó ń jẹ ewé ẹ̀fọ́ lóko ìdí ilé. Ahọ́n rẹ̀ kò so mọ́ ẹ̀yìn ẹnu bíi tiwa, iwájú ló so mọ́. Á nà án jáde wàrà, kòkòrò á lẹ̀ mọ́ ọn, ó parí. Bó bá fẹ́ gbé e mì, á di ojú, ojú náà á sì rì wọ inú láti ti oúnjẹ náà sọ̀kalẹ̀. Ẹ wò ó lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ ó rí i.

Mi ò ní bù mọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ lè gbé ẹ̀fọn mì bó bá bà síwájú rẹ̀, àmọ́ kò lè lé ibà kúrò nílé yín. Ẹ má torí ọ̀pọ̀lọ́ ká àpò ẹ̀fọn kúrò lórí ibùsùn ọmọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé òṣìṣẹ́ kan ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo òru lẹ́yìn ilé yín, kò gba kọ́bọ̀, ẹ̀yin sì ń fi iyọ̀ san án lówó.

Àwọn ẹ̀rù tó wà lọ́kàn wa

Èkíní, wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kókó líle yóò hù sí i lọ́wọ́. Kì í ṣe òótọ́. Kókó tó ń hù lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, kòkòrò àrùn kan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i ló ń fà á, ara ènìyàn ló sì ti ń ran ènìyàn. Ọ̀pọ̀lọ́ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ojú lásán ni kókó ara rẹ̀ fi jọ tiwa.

Èkejì, wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ ń pe ejò wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ díẹ̀ nínú, mi ò sì ní fi pamọ́. Àwọn ejò kan wà tí ọ̀pọ̀lọ́ jẹ́ oúnjẹ wọn. Àmọ́ eku náà ń pe ejò, ẹyin adìyẹ náà ń pè é, igbó tí a kò ro lẹ́yìn ilé àti òkìtì igi tí a kò kó kúrò ń fún un ní ilé. Ẹni tó bá pa gbogbo ọ̀pọ̀lọ́ tó sì fi igbó àti eku sílẹ̀, ẹ̀ka ló gé, ó fi gbòǹgbò sílẹ̀. Ẹ ro ìdí ilé, ẹ dí ihò ara ògiri, ẹ gbé igi ìdáná jìnnà sí ibi tí ẹ ń sùn. Nígbà náà, ọ̀pọ̀lọ́ lè wà níta kí ọkàn yín sì balẹ̀.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní ẹnì kan ló rán an. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹ kàn wo ìgbà tó ń wá àti ibi tó ń jókòó sí. Òru ló ń jáde nítorí pé oòrùn máa ń gbẹ ara rẹ̀. Ìdí iná ló ń lọ nítorí pé ibẹ̀ ni kòkòrò ń lọ. Abẹ́ àmù ló ń sùn nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á wọ inú ilẹ̀ lọ, á sápamọ́ de òjò. Ẹni tí a rán níṣẹ́ kì í dúró de òjò kó tó wá jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n ní ó ní oró. Òótọ́ pọ́ńbélé ni èyí, òun nìkan sì ni ẹ̀rù tó yẹ ká ní. Bí a bá tẹ kókó ẹ̀yìn ojú rẹ̀ tàbí tí ẹranko bá bù ú jẹ, omi funfun bíi wàrà á jáde. Omi yìí ń ta ènìyàn lójú, ó ń ta á lẹ́nu, bó bá sì wọ inú ara púpọ̀, ọkàn ló ń bá jà. Ọdẹ kan ládùúgbò wa ní ọmọ ajá kan tó gbé ọ̀pọ̀lọ́ sẹ́nu. Kò pẹ́ tí itọ́ fi ń ru lẹ́nu rẹ̀ bíi ọṣẹ, tó ń gbọ̀n, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n tètè fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, tí wọ́n sì sáré gbé e lọ bá dókítà ẹran. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ajá yín, ẹ dorí rẹ̀ kọlẹ̀ kí omi tí ẹ fi ń ṣan ẹnu náà lè ṣàn síta, kó má wọ ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ má fi epo tàbí àgbo dá ara yín dúró. Ẹ wá dókítà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù kan ẹnu tiwa. Àkèré jẹ́ oúnjẹ ní ọ̀pọ̀ ibi, òwò sì ni pẹ̀lú. Lókè lọ́hùn-ún ní Malanville, létí odò Niger, àwọn kan ń ṣòwò àkèré gbígbẹ, apá kan rẹ̀ sì ń kọjá sí Nàìjíríà. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ àkèré. Àmọ́ iná ìdáná kì í pa oró ọ̀pọ̀lọ́. Sísè, yíyan, díndín, kò sí èyí tó dájú. Bí wọ́n bá sì ti bó awọ rẹ̀ tán, ta ni yóò mọ èwo ni èwo? Ẹ kọ́ ọmọ tó ń lọ sí odò láti wo ẹ̀yìn ojú kó tó sọ ọ́ sínú àpò. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà lọ́jà, ẹ má ra èyí tí wọ́n ti bó awọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹ́, tó wá ń bì, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó jẹ fún wọn.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ó dára. Ọ̀pọ̀lọ́ ti wọ yàrá, kí ni ká ṣe? Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ lé ajá jáde, ẹ dá àwọn ọmọ dúró. Ẹ mú abọ́ ike, ẹ fi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wá páálí, ẹ rọra tì í sí abẹ́ abọ́ náà, kí ẹ sì gbé abọ́ àti páálí pọ̀ jáde. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, kò sí ẹni tó farapa. Bó bá di dandan kí ẹ fọwọ́ mú un, ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán rẹ ọwọ́ yín, nítorí pé ọwọ́ gbígbẹ àti ọwọ́ tí ọṣẹ wà lára rẹ̀ ń ba awọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ má fún un pọ̀. Bó bá tọ̀ sí yín lọ́wọ́ tàbí tó wú bíi bọ́ọ̀lù, ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe oró. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa kí ẹ tó fi kan ojú, ẹnu tàbí oúnjẹ.

Ẹ má gbé e lọ jìnnà sí ilé. Ibi tó mọ̀ ni yóò ti rí oúnjẹ jẹ. Ẹ gbé e sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀fọ́, sí ibi tí òjìji wà. Ìkòkò fífọ́ tí ẹ dojú rẹ̀ dé, tí ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ilé tó dára ni fún un. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹ bá bu omi sínú àwo pẹlẹbẹ kan nítòsí, kó ní òkúta kan nínú tó lè gùn, ẹ ti ṣoore. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í fẹnu mu omi. Á fi ikùn lé e ni, awọ ikùn rẹ̀ á sì mu ún. Ìdí nìyẹn tí iyọ̀ fi ń dá a lóró tó bẹ́ẹ̀: iyọ̀ ń fa omi ara rẹ̀ jáde, ó sì ń wọ inú ara rẹ̀ lọ. Omi ọṣẹ àti omi Javel náà kò dára fún un. Kí ẹ sì fi pátákó kan sínú garawa tàbí kòtò omi tó jìn, nítorí pé bó bá já sínú rẹ̀ tí kò rí ibi gùn jáde, yóò rẹ̀ ẹ́, yóò sì kú síbẹ̀, á sì ba omi yín jẹ́.

Bí ọmọ bá ń bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó fi ilẹ̀ tútù àti ewé gbígbẹ sínú agbada ńlá kan, kó fi àwọ̀n bo ojú rẹ̀, kó wò ó fún alẹ́ ọjọ́ kan, kó sì dá a sílẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó mú. Ọmọ náà yóò kẹ́kọ̀ọ́, ẹranko náà yóò sì yè. Àmọ́ kí ó pẹ́ nínú àhámọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò fara mọ́ ọn. Ta ni yóò máa wá kòkòrò alààyè fún un lójoojúmọ́? Ọmọ á gbàgbé ní ọjọ́ kẹta, ọ̀pọ̀lọ́ á sì gbẹ mọ́ inú garawa.

Ọ̀rọ̀ tó ju ọ̀pọ̀lọ́ lọ

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní: "Ebi ń pa wá, ọjà ò tà, ìwọ ń kọ̀wé nípa ọ̀pọ̀lọ́." Ẹ ní sùúrù fún mi. Awọ tó ń mu omi yẹn náà ló ń mu oògùn tí a ń fín sí oko òwú, sí ẹ̀fọ́ àti sínú ilé. Bí oògùn bá ṣàn wọ inú kòtò, ọ̀pọ̀lọ́ àti àwọn ọmọ rẹ̀ onírù ló kọ́kọ́ ń jẹ ìyà rẹ̀. Omi kan náà sì ni ewúrẹ́ wa ń mu, nígbà mìíràn àwọn ọmọ wa náà ń wẹ̀ níbẹ̀. Endosulfan, tí àwọn olóko òwú lò káàkiri Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi sí orí àkójọ àwọn oògùn olóró tí wọ́n fẹ́ mú kúrò nílẹ̀ lábẹ́ Àdéhùn Stockholm ní 2011. Nítorí náà, bí òjò bá rọ̀ tí ẹ kò gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ létí kòtò tí ẹ ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ẹ má dúpẹ́. Ẹ bi ara yín pé kí ló wà nínú omi yẹn.

Ẹ má fọ ike oògùn sínú odò. Ẹ má fi ike oògùn bu omi mímu. Bí ẹ bá fẹ́ fín oògùn sí ilé ìkẹ́rùsí, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ kí ẹ tó rà á, ẹ má gba èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé ka orí àtẹ lọ́jà. Ohun tó bá lè pa òṣìṣẹ́ òru wa lè dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ilé wa ṣe parí. Ìyá mi kò gbà pé mo jàre. Wọ́n ní àwọn ti rí ọ̀pọ̀lọ́ kí wọ́n tó bí mi. Àmọ́ wọ́n da iyọ̀ padà sínú igbá, wọ́n sì ṣòfin méjì: kò gbọdọ̀ wọ yàrá àwọn, ọmọ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìfọwọ́. A gbà. Ọmọ mi dojú ìkòkò fífọ́ kan dé sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lálẹ́ àná, mo rí ìyá mi tí wọ́n gbé àtùpà dúró níbẹ̀, wọ́n ń wo ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ṣa ikán jẹ ní ẹsẹ̀ ògiri. Wọn ò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Olódùmarè fún wa ní ọpọlọ, ó sì fún wa ní ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ti àkọ́kọ́ dáàbò bo ti èkejì. Bí ẹ bá bá a lábẹ́ àmù lálẹ́ òní, ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Abọ́ kan àti páálí kan ti tó.